Oreailurus tàbí Leopardus: èwo gan-an ni orúkọ ológìnní òkè Andes?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Bàọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Súrùlérè. A kó àwọn ọmọ wa lọ sí ìdíje kan ní Yábàá, wọ́n ní kí wọ́n dárúkọ genus (ìyẹn apá kìíní orúkọ sáyẹ́ǹsì) tí ológìnní òkè Andes wà nínú rẹ̀. Ọmọ mi dáhùn pé Leopardus. Àwọn adájọ́ ní kò gbà á, pé Oreailurus ló wà nínú ìwé tiwọn. Máàkì yẹn la fi pàdánù ipò kìíní. Nígbà tí mo délé, mo wò ó lórí fóònù, mo rí orúkọ méjèèjì, mo tún rí Felis pẹ̀lú. Ẹ jọ̀ọ́ sà, èwo ló tọ̀nà? Ṣé ẹranko kan ṣoṣo lè ní orúkọ sáyẹ́ǹsì mẹ́ta? Àbí àwọn onímọ̀ fúnra wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ ni? Inú ọmọ náà ò tíì rọ̀.

Ìdáhùn: Àǹtí wa, ẹ kú làálàá àwọn ọmọ. Ẹ bá mi sọ fún un pé ó gbà á. Leopardus jacobita ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ẹranko ń pe ológìnní òkè Andes lónìí, Leopardus sì ni genus rẹ̀. Àwọn adájọ́ náà ò purọ́ o. Orúkọ gidi ni Oreailurus, ó wà nínú ìwé láti 1940 títí di ìgbà tí ọ̀rúndún tó kọjá fi ń parí lọ. Ìwé ọwọ́ wọn ló ti gbó. Èkó tí à ń gbé yìí, tí púpọ̀ nínú wa ti ń ra ìwé àlòkù ní Yábàá àti Ojúẹlẹ́gbà, kò lè ṣe kí irú rẹ̀ má ṣẹlẹ̀.

Ìbéèrè yín tó kẹ́yìn ló wọ̀ mí lára jù, pé bóyá àwọn onímọ̀ ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Mo mọ ọmọ tó tìtorí rẹ̀ fi sáyẹ́ǹsì sílẹ̀. Wọ́n há orúkọ sórí lọ́dún yìí, lọ́dún tó ń bọ̀ wọ́n gbọ́ pé orúkọ ti yí padà, wọ́n wá gbà pé àwọn àgbà ń fi àwọn ṣeré. Nítorí náà mi ò ní kàn sọ pé èyí tọ́, ìyẹn ò tọ́, kí n sì máa lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí orúkọ fi yí, nítorí nínú yíyí yẹn gan-an ni ìmọ̀ wà.

Ó ṣeé ṣe kí àwọn ọmọ tó mọ orúkọ ẹranko yìí má mọ bó ṣe rí. Ológìnní ẹhànnà ni, àmọ́ ibi tó ń gbé kì í ṣe igbó rárá. Àárín àpáta orí òkè Andes ní Amẹ́ríkà ti Gúúsù ló wà, ní Peru, Bolivia, Chile àti Ajẹntínà. Púpọ̀ nínú ibi tí wọ́n ti rí i ló ga ju 3,000 mítà lọ sókè ìwọ̀n òkun, níbi tí igi kì í ti í hù, tí omi sì ń di yìnyín lóru. Lẹ́yìn ọdún 2000 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ó wà ní ilẹ̀ tó rẹlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ní apá Patagonia ní Ajẹntínà. Ó fi díẹ̀ tóbi ju ológìnní ilé lọ, kílò mẹ́rin sí márùn-ún ló sábà máa ń wọ̀n. Irun rẹ̀ nípọn, àwọ̀ eérú ni, pẹ̀lú àbàwọ́n pupa ràkọ̀ràkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìrù rẹ̀ lẹ́wà púpọ̀: ó nípọn, ó gùn, ó lé dáadáa ní ìdajì gígùn ara rẹ̀, òrùka dúdú sì yí i ká láti ìdí dé ṣóńṣó. Oúnjẹ tó fẹ́ràn jù ni vizcacha, ẹranko orí àpáta kan tó jọ ehoro lójú ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé ọ̀wọ́ eku àti òkété ló bá tan.

Ní báyìí, orúkọ. Apá méjì ni orúkọ sáyẹ́ǹsì ẹranko. Apá kejì, ìyẹn jacobita, jẹ́ ti ẹranko náà fúnra rẹ̀. Apá kìíní ni agboolé. Ẹni tó bá mọ Ìsàlẹ̀ Èkó á mọ ohun tí mò ń wí. Bí ẹnìkan níbẹ̀ bá sọ pé ọmọ agboolé báyìí lòun, kì í ṣe ojúlé tó ń sùn ló ń sọ. Ó ń sọ pé baba ńlá kan náà ló ṣẹ òun àti àwọn yòókù tó ń jẹ́ orúkọ yẹn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń gbé dé kóòtù ni, tí wọ́n ń pe ẹlẹ́rìí sí. Bí ẹ̀rí bá wá fi hàn pé ibòmíràn ni baba rẹ̀ ti ṣẹ̀, orúkọ agboolé tó ń jẹ́ á yí. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ kò ní yí, òun fúnra rẹ̀ kò sì ní di ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti genus. Ẹni tó bá kọ Leopardus síwájú jacobita ń sọ pé ìran báyìí ló bí ẹranko yìí, gbólóhùn tó ṣeé dán wò ni, ó sì ṣeé já ní koro.

Ẹni tó fi ìlànà orúkọ méjì yìí lélẹ̀ fún ẹranko ni Linnaeus, ará Swídìn, ní 1758. Inú genus kan ṣoṣo, Felis, ló kó gbogbo ológìnní tó mọ̀ sí: kìnnìún, tiger, ẹkùn, jaguar, ocelot (ológìnní ẹhànnà alámì kan ní Amẹ́ríkà), lynx àti ológìnní ilé wa. Felis leo ni kìnnìún ń jẹ́ nígbà náà. Bí wọ́n ṣe jọra wọn ló fi kó wọn pọ̀. Kò wọ́pọ̀ lọ́jọ́ wọ̀nyẹn kí ẹnìkan ronú pé wọ́n lè ní baba ńlá kan tó bí gbogbo wọn.

Nígbà tí ológìnní òkè Andes dé ọwọ́ àwọn onímọ̀ ní 1865, Felis náà ni wọ́n kó o sí. Emilio Cornalia, onímọ̀ ẹranko ní Milan ní Ítálì, ló kọ̀wé nípa rẹ̀ tó sì sọ ọ́ ní Felis jacobita. Jacobita yìí, obìnrin ni: Jacobita Tejada, ará Ajẹntínà, ìyàwó Paolo Mantegazza, dókítà ará Ítálì tó ti gbé Ajẹntínà rí. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin kíláàsì yín gbọ́ ìyẹn, nítorí Felis ti lọ, Oreailurus ti lọ, orúkọ obìnrin yẹn ṣì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí i níbì kan tí wọ́n kọ ọ́ ní jacobitus, ẹni tó kọ ọ́ fẹ́ kí ìparí rẹ̀ bá Leopardus mu gẹ́gẹ́ bí òfin èdè Látìnì ni. Ṣùgbọ́n orúkọ ènìyàn kì í yí bẹ́ẹ̀. Jacobita ni kí àwọn ọmọ máa kọ.

Ibi tí mo fẹ́ dúró sí díẹ̀ nìyí. Ní 1940, Ángel Cabrera, ará Sípéènì tó lọ ń ṣiṣẹ́ ní Ajẹntínà, yọ jacobita kúrò nínú Felis, ó dá genus tuntun sílẹ̀ fún un, Oreailurus, òun nìkan ṣoṣo ló sì wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe pé Cabrera kàn fẹ́ dá orúkọ. Ó rí nǹkan nínú agbárí ẹranko yìí. Gbogbo ológìnní ló ní egungun rogodo kan nísàlẹ̀ agbárí, lọ́tùn-ún àti lósì, tó bo etí inú. Inú egungun yìí pín sí yàrá méjì. Nínú àwọn ológìnní Amẹ́ríkà ti Gúúsù yòókù, yàrá iwájú kéré sí ti ẹ̀yìn. Ti jacobita ò rí bẹ́ẹ̀. Yàrá iwájú tirẹ̀ wú púpọ̀. Ẹni tó bá ń fi ojú àti ọwọ́ yẹ agbárí wò, tí kò ní irinṣẹ́ mìíràn, á sọ pé ẹni báyìí ò bá wa tan. Mo gbà pé ohun tó bọ́gbọ́n mu ni Cabrera ṣe pẹ̀lú ohun tó wà níwájú rẹ̀.

Ohun tó wà níwájú rẹ̀ náà kò pọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, awọ díẹ̀ àti agbárí díẹ̀ nínú mùsíọ́ọ̀mù ni gbogbo ohun tí ayé mọ̀ nípa ológìnní yìí. Àwọn tó rí i láàyè kéré, nítorí ilẹ̀ tó ń gbé le, ẹranko náà sì ṣọ̀wọ́n. Ológìnní mìíràn tún wà níbẹ̀ tó jọ ọ́, tí wọ́n ń pè ní colocolo tàbí ológìnní pampas, Leopardus colocola, tó pọ̀ jù ú lọ dáadáa. Àwọn ará òkè, ọmọ Aymara, ń pe méjèèjì ní titi, wọ́n sì ka titi sí ẹranko mímọ́. Wọ́n máa ń tọ́jú awọ rẹ̀ fún ètùtù tí wọ́n fi ń tọrọ pé kí ẹran ọ̀sìn wọn bí sí i. Àwọn onímọ̀ pàápàá ṣi awọ ọ̀kan pè ní èkejì nínú mùsíọ́ọ̀mù. Bí ẹ bá fẹ́ dá wọn mọ̀, ẹ wo imú: ti ológìnní òkè Andes dúdú, ti colocolo sábà máa ń pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ tún wo ìrù: ti colocolo tín-ín-rín, ó kúrú, òrùka rẹ̀ ò sì fẹ̀.

Ọdún 1998 ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Jim Sanderson, ará Amẹ́ríkà, rí i láàyè ní òkè àríwá Chile lọ́dún náà, ó sì ya fọ́tò rẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà ni Warren Johnson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ kan jáde. Wọ́n ti gba DNA lára awọ ológìnní yìí, wọ́n sì fi wé ti àwọn ológìnní yòókù ní Amẹ́ríkà ti Gúúsù.

Ẹ̀yin lẹ ń kọ́ni ní bàọ́lọ́jì, ẹ mọ bí DNA ṣe ń ṣiṣẹ́, àmọ́ báyìí ni ẹ lè gbà là á yé wọn. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni wọ́n fi kọ ọ́, A, C, G àti T. Bí òbí ṣe ń fi lé ọmọ lọ́wọ́, lẹ́tà kan máa ń yí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ti yí, ọmọ, ọmọ-ọmọ àti ìran tó tẹ̀ lé wọn á máa gbé lẹ́tà tó yí náà lọ. Nítorí náà bí ẹranko méjì bá jọ gbé ọ̀pọ̀ irú ìyípadà kan náà tí àwọn yòókù ò gbé, ó dájú pé baba ńlá wọn ti gbé e kí wọ́n tó pínyà. Ìrísí lè tanni jẹ, nítorí ibi tí ẹranko ń gbé máa ń gbẹ́ ara rẹ̀ sí bí ibẹ̀ ṣe fẹ́. Àmọ́ kò sí ibùgbé tó máa mú kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́tà báramu ní ibi kan náà gẹ́lẹ́.

Àbájáde rẹ̀ ni pé inú ọ̀wọ́ ocelot ni jacobita wà. Kò dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní 2006, Johnson, Stephen O'Brien àti àwọn mìíràn to gbogbo ìdílé ológìnní ayé, wọ́n rí i pé ẹ̀ka mẹ́jọ ló wà. Ẹ̀ka ocelot ya kúrò lára àwọn yòókù ní nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Nígbà tí ilẹ̀ Panama wá so Amẹ́ríkà ti Àríwá mọ́ ti Gúúsù, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, baba ńlá wọn kọjá sí gúúsù, àwọn ọmọ rẹ̀ sì tàn ká igbó, pápá àti òkè. Nínú ìgbékalẹ̀ yẹn, ta ni ìbátan jacobita tó sún mọ́ ọn jù lọ? Colocolo ni, èyí tí wọ́n ti ń ṣì í mú fún láti ọjọ́ yìí.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tó fi hàn pé ẹ̀ka ocelot jẹ́ ìran kan. Krómósómù, ìyẹn okùn tí DNA wà lára rẹ̀, 38 ni àwọn ológìnní yòókù ní, kìnnìún títí dé ológìnní ilé. Ẹ̀ka yìí ní 36, nítorí oríṣi kékeré méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ méjì-méjì, ti so pọ̀ di oríṣi kan. Máíkírósíkóòpù ni wọ́n fi rí ìyẹn, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka lẹ́tà DNA.

Etí tó wú ńkọ́? Ìbéèrè tí ọmọ tó gbọ́n máa bi yín nìyẹn. Etí wú lóòótọ́, Cabrera ò ṣì í rí. Ohun tó yẹ ká bi ara wa ni pé kí ló mú un wú. Ọ̀pọ̀ ẹranko tó ń gbé ilẹ̀ gbígbẹ tó tẹ́jú rẹrẹ ni egungun etí wọn tóbi, nítorí ó ń jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìró tó rẹlẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ológìnní aṣálẹ̀ Sàhárà, Felis margarita, ní irú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìbátan ológìnní ilé wa ló jẹ́, ẹ̀ka tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti jacobita. Iṣẹ́ tí etí ń ṣe ló mú un wú. Kò fi dandan sọ irú ìran tí ẹni tó ni ín ti wá.

Ohun tó wá pa Oreailurus nìyí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kó yé àwọn ọmọ dáadáa. Òfin tí àwọn onímọ̀ ń tẹ̀ lé ní báyìí ni pé gbogbo ọmọ baba ńlá kan ló gbọ́dọ̀ wà nínú genus kan, láìyọ ẹnikẹ́ni. Bí colocolo bá jẹ́ Leopardus, tí jacobita sì jẹ́ ìbátan rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù, a ò lè mú colocolo wọlé ká wá ti jacobita síta. Agboolé kì í yọ ọmọ kan nínú àwọn ọmọ baba kí wọ́n ní kó lọ dá orúkọ tirẹ̀ jẹ́ nítorí pé etí rẹ̀ tóbi.

Mi ò ní fi ibì kan pamọ́ fún yín, nítorí èmi ò fẹ́ kí wọ́n rò pé DNA nìkan ló ń sọ orúkọ ẹranko. DNA máa sọ ẹni tó bí ẹni. Kò ní sọ ibi tó yẹ kí ògiri agboolé wà. Ẹlòmíràn lè fẹ́ fọ́ ẹ̀ka ocelot sí agboolé kéékèèké, kí jacobita àti colocolo wà nínú ọ̀kan, kí àwọn yòókù wà nínú òmíràn. Wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ máa rí Oncifelis àti Lynchailurus nínú ìwé àtijọ́. Òfin baba kan ò lòdì sí i. Ìdí tí wọ́n fi pa gbogbo wọn pọ̀ sí Leopardus ni pé kò tíì pẹ́ tí wọ́n pínyà, bí a bá fi wé àwọn ẹ̀ka yòókù, àwọn kan nínú wọn sì ṣì ń gun ara wọn, tí wọ́n ń bímọ. Ìpinnu ni, ìpinnu tó dúró lórí ẹ̀rí. Èmi fúnra mi fara mọ́ ọn. Ní 2017, ẹgbẹ́ amòye ológìnní lábẹ́ IUCN, àjọ àgbáyé tó ń dáàbò bo ẹ̀dá, tún gbogbo ìdílé yìí tò, wọ́n kọ genus 14 àti species (irú ẹranko kọ̀ọ̀kan) 41 sílẹ̀. Mẹ́jọ nínú species wọ̀nyí ló wà nínú Leopardus, jacobita sì wà láàárín wọn. Àríyànjiyàn tó kù báyìí wà lórí colocolo: ní 2020 àwọn kan kọ̀wé pé kì í ṣe ẹyọ kan, pé márùn-ún ni. Bí àwọn ọmọ yín bá fẹ́ràn irú ẹjọ́ yìí, ìyẹn ni kí wọ́n tọ̀ lẹ́yìn.

Ó yẹ kí n mẹ́nu ba Leopardus kíákíá. Kì í ṣe agboolé ẹkùn. Panthera pardus ni ẹkùn wa, ó wà pẹ̀lú kìnnìún, tiger àti jaguar. John Edward Gray ló fún ẹ̀ka ocelot ní orúkọ Leopardus ní 1842, ìlànà sì ni pé orúkọ tó kọ́kọ́ jáde lọ́nà tó tọ́ ló gbọ́dọ̀ dúró, bó tilẹ̀ ń rú ènìyàn lójú. Ọmọ tó bá kọ ọ́ nínú ìdánwò pé ìbátan ẹkùn ni ológìnní òkè Andes nítorí orúkọ yìí máa ṣubú.

Kì í ṣe jacobita nìkan ló ti ṣí agboolé. Ẹkùn orí yìnyín ti Éṣíà, Uncia uncia ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, wọ́n fún un ní genus tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe fún jacobita. DNA fi hàn pé tiger ló bá tan jù lọ, ó sì di Panthera uncia. Ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tiwa níbí, ológìnní igbó ńlá kan wà tí àwọ̀ rẹ̀ pupa bí góòlù. Felis aurata ni Temminck sọ ọ́ ní 1827, ó di Profelis aurata, lónìí Caracal aurata ni, nítorí caracal, ológìnní ẹhànnà mìíràn, ni ìbátan rẹ̀. Òun ni mo máa fẹ́ kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà nínú ìdíje. Igbó tiwa ló ń gbé, ó sì ń tán lọ láìsí ẹni tó ń dárúkọ rẹ̀.

Bí wọ́n bá tún bi àwọn ọmọ yín léèrè nípa “ológìnní òkè” láìsọ òkè wo, kí wọ́n béèrè kí wọ́n tó dáhùn. Òmíràn wà ní òkè Ṣáínà, Felis bieti. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀: kò sí ẹni tó ń bá a du genus, bóyá species ni tàbí ẹ̀yà lábẹ́ ológìnní ẹhànnà kan ni wọ́n ń jiyàn lé lórí. Ní 2007 àwọn kan kà á sí ẹ̀yà, ní 2017 ó padà di species.

Ọgbọ́n kékeré kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fún wọn. Nínú ìwé àwọn onímọ̀, orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ẹranko lórúkọ àti ọdún rẹ̀ máa ń tẹ̀ lé orúkọ náà. Ológìnní ilé ni Felis catus Linnaeus, 1758. Kìnnìún ni Panthera leo (Linnaeus, 1758). Àkámọ́ tó wà lára ti kìnnìún ń sọ fún wa pé genus tí Linnaeus fi í sí kọ́ ló wà mọ́. Ti ológìnní ilé ò ní àkámọ́ nítorí kò kúrò nínú Felis láti 1758. Ẹ wá wo tiwa: Leopardus jacobita (Cornalia, 1865). Ọmọ tó bá mọ ìlànà yìí á mọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un pé ẹranko yìí ti ní orúkọ mìíràn rí.

Àwọn òbí kan lè bi yín pé kí ni èyí kan ọmọ Èkó. Ohun tí mo lè sọ ni pé orúkọ ló ń pinnu ẹni tí òfin máa dáàbò bò. Ológìnní òkè Andes wà ní ipele kìíní nínú àdéhùn CITES, tó túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi òun tàbí awọ rẹ̀ ṣòwò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Láti 2002 ni IUCN ti kọ ọ́ sínú àwọn ẹranko tó wà nínú ewu ìparun. Nínú ìṣirò wọn ti 2016, àwọn àgbà rẹ̀ tó kù ní gbogbo ayé kò tó 1,500. Bí wọ́n bá ka ìgbẹ́ colocolo mọ́ tirẹ̀ nínú ìṣirò, iye rẹ̀ á pọ̀ lórí ìwé, ẹranko náà á sì máa tán lórí òkè. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń tọ́pa rẹ̀ fi ń yẹ DNA inú ìgbẹ́ wò kí wọ́n tó kọ ohunkóhun sílẹ̀. Láti 1999 ni àwọn onímọ̀ orílẹ̀-èdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti para pọ̀ di ẹgbẹ́ kan nítorí rẹ̀.

Ewu rẹ̀ ò sì jìnnà sí wa tó bí a ṣe rò. Àwọn darandaran ń pa á nítorí ẹran ọ̀sìn wọn, ajá ń lé e, àwọn ènìyàn ń dọdẹ vizcacha tó ń jẹ. Iwakùsà tún wà. Orí òkè Bolivia, Chile àti Ajẹntínà ni ilẹ̀ iyọ̀ tí wọ́n ti ń wa lithium wà, àwọn awakùsà sì ń fa omi púpọ̀ ní ilẹ̀ tí omi ò ti tó. Lithium ló wà nínú bátìrì gbogbo fóònù tí wọ́n ń tà ní Computer Village ní Ìkẹjà, òun náà ló wà nínú bátìrì ínfátà tí púpọ̀ nínú wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rà. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni ju fóònù rẹ̀ nù. Ṣùgbọ́n ó dára kí ọmọ tó dárúkọ ẹranko yìí ní Yábàá mọ̀ pé ohun tó wà lápò òun bá a pàdé níbì kan.

Lórí máàkì tí wọ́n yọ, èmi á gbà yín níyànjú pé kí ẹ kọ lẹ́tà sí àwọn olùṣètò. Kí ẹ fi ọ̀wọ̀ kọ ọ́, ẹ má fẹ̀sùn kàn wọ́n. Ẹ sọ pé orúkọ tí Cabrera dá ní 1940 ni Oreailurus, pé Leopardus ló ti rọ́pò rẹ̀ láti ìgbà tí ẹ̀rí DNA ti jáde, àti pé ẹ ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gba ìdáhùn ọmọ náà, kí wọ́n sì máa kọ ọdún ìwé tí wọ́n ń lò sára ìbéèrè. Tí wọ́n bá fẹ́ ẹ̀rí, kí wọ́n ṣí àkójọ IUCN lórí fóònù wọn, kí wọ́n tẹ jacobita nìkan sí i. Leopardus ni wọ́n máa rí níwájú rẹ̀.